Ẹ̀yìn àti Ikùn Ẹja Pẹlẹbẹ: Àlàyé lórí Cynoglossus senegalensis

Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Mọriténíà dé Àǹgólà, ni ẹja tí ó rí bí ahọ́n yìí ń gbé, ní ìsàlẹ̀ òkun tí ó ní iyanrìn tàbí ẹrẹ̀. Àṣìṣe ni ti ẹni tí ó bá pe apá rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ ní ẹ̀yìn, tí ó sì pe apá funfun ní ikùn. Nígbà tí ẹja náà kéré jọjọ, ní òòró ni ó ń lúwẹ̀ẹ́, ojú kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan orí rẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni ojú ọ̀tún ń ṣí lọ sí òsì. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni yóò máa fi sùn sílẹ̀. Etí ara rẹ̀ méjèèjì, níbi tí lẹbẹ gígùn wà, ni ẹ̀yìn àti ikùn tòótọ́. A máa rì sínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò yọ. Edé, akàn kéékèèké àti ekòló òkun ni oúnjẹ rẹ̀.