Iná Mànàmáná Nínú Ara Ènìyàn

Nínú Odò Ọya, tí ó ń ṣàn kọjá ní Lọ́kọ́ja ní ìlà-oòrùn Kàbà, ni ẹja òjìjí ń gbé. Apẹja kì í fi ọwọ́ lásán mú un, nítorí apá ẹni tí ó bá kàn án a gbọ̀n, iṣan rẹ̀ a sì sún kì. Kì í ṣe oògùn ni ẹja náà ní; iná mànàmáná ni, agbára rẹ̀ sì lè tó 350 volt.

Luigi Galvani, ará Bologna ní Ítálì, tẹ ìwé jáde ní 1791, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ti kú a máa ta bí iná mànàmáná bá kàn án. Ìdí rẹ̀ ni pé iná kékeré ni ọpọlọ fi ń rán iṣan ní iṣẹ́. Bí iná tí ó tóbi bá ti òde wọlé, iṣan kì í gbọ́ ti ọpọlọ mọ́. Nítorí náà ni ọwọ́ ṣe ń há mọ́ wáyà.

Níwájú olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀rọ kékeré tí ń lo bátìrì wọn bí ara ti ń dí iná lọ́nà tó. Ohm ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. A di irin ẹ̀rọ náà mú, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Bí ọwọ́ bá gbẹ, iye rẹ̀ lè tó 100,000. Bí a bá ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀, iye náà a wálẹ̀. Bí awọ bá rin gbingbin, ó lè ku nǹkan bí 1,000. Awọ gbígbẹ ni ìlẹ̀kùn. Omi àti òógùn ni ó ń ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná ilé dán èyí wò láéláé.

Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt. Pín in sí ọ̀nà 100,000: iná tí ó gba ara kọjá jẹ́ nǹkan bí milliampere 2. Pín in sí ọ̀nà 1,000: ó di 230. Bẹ́ẹ̀ ni 10 tó láti mú ọwọ́ há, 100 sì lè da lílù ọkàn rú, kí ènìyàn kú. Kí a má sì gbójú lé ọwọ́ gbígbẹ, nítorí iná a máa jó awọ, ìlẹ̀kùn a sì ṣí.

Bí iná bá mú ènìyàn nínú ilé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má sì da omi lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ pa iná náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, kí ẹnì kan máa tẹ àárín àyà rẹ̀ gírígírí, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ìrànlọ́wọ́. Bí ó tilẹ̀ dìde, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n wáyà òpó tí ó já sórí ọ̀nà oko ju ohun tí igi gbígbẹ lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 10, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ iná.

Apẹja mọ òjìjí, ó sì ń ṣọ́ra fún un. Kí onílé náà nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó kan súìṣì.