Ẹ́ńsáìmù Tó Ń Gé Ẹran Kí Ẹsẹ̀ Tuntun Tó Hù

Lára akàn tí wọ́n ń kó láti inú ọ̀sà àti ẹrẹ̀ ilẹ̀ Ìlàjẹ wá sí ọjà Igbókọ̀dá, kò ṣòro láti rí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì kúrú ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ tó já tẹ́lẹ̀ ló hù padà. Bí ọ̀tá bá di ẹsẹ̀ akàn mú, akàn fúnra rẹ̀ ló máa ń já a sílẹ̀ ní oríkèé kan tó sún mọ́ ara, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì dí ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ tuntun á wá máa dàgbà ní kíká nínú àpò kékeré kan, kò sì ní nà jáde àfi lọ́jọ́ tí akàn bá bọ́ èèpo rẹ̀.

Bíbọ́ èèpo yìí gan-an ni iṣẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ purotéènì. Purotéènì ni èròjà tí ẹran ara fi di ẹran ara, ẹ́ńsáìmù sì ni èròjà tí ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá. Èyí tí ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ wà nínú ikùn ènìyàn, ó sì wà nínú oje ìbẹ́pẹ dúdú tí ń mú ẹran líle rọ̀. Lára akàn, àwọn kan ń jẹ abẹ́ èèpo àtijọ́ kí ó lè ṣí, ṣùgbọ́n èyí tó yani lẹ́nu jù wà nínú ọwọ́ ńlá tó fi ń gé nǹkan: ọwọ́ náà tóbi, oríkèé tó gbọ́dọ̀ gbà yọ sì há, nítorí náà ẹran inú rẹ̀ ní láti joro ná. Láàárín 1980 sí 1989, Donald Mykles àti Dorothy Skinner ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé, lára akàn orí ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gecarcinus lateralis, pé ẹ́ńsáìmù tí kálísíọ́ọ̀mù ń ta jí wà lára ohun tó ń gé ẹran náà, tí ẹran á sì tún kún padà lẹ́yìn náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ẹranko eléegun. Ní 1962, Jerome Gross àti Charles Lapière rí ẹ́ńsáìmù kan ní ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, èyí tí ń gé kọ́lájẹ́ẹ̀nì, okùn purotéènì tó so ẹran ara pọ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ fi oògùn dí irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lára newt, ẹranko kékeré bí alángbá tí ọwọ́ rẹ̀ tó bá gé máa ń hù padà pátá. Dípò ọwọ́ tuntun, kùkùté tó ní àpá ni wọ́n rí. Àpọ̀jù ẹ́ńsáìmù yìí náà burú, torí pé egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí kì í jiná sábà máa ń kún fún ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí, tí wọ́n ń gé ẹran tuntun bí ó ti ń hù. Ẹni tó bá ní irú egbò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó tètè gbà lọ.