Káírò Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Láti Orí Ewédú Títí Dé Al-Azhar

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí Yorùbá, nílé àti lókè òkun, ló ń mú ọmọ wọn rìnrìn àjò lásìkò ìsinmi. Dubai ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn; ilé gíga dára wò, ọjà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí tó ní ọmọ nílé-kéwú, tí ọmọ náà sì ń rò pé ìyà ni wọ́n fi kéwú jẹ òun, kí ó ro ọ̀rọ̀ Káírò wò, olú-ìlú Íjíbítì tí tírà ń pè ní Misra. Ọkọ̀ òfurufú ń lọ tààrà láti Èkó débẹ̀. Àwọn mìíràn lè yà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti Úmúrà bọ̀.

Ọjọ́ 9 ni a lò níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: ọkùnrin ọmọ ọdún 12, obìnrin ọmọ ọdún 9, àti àbíkẹ́yìn, obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ohun tí a rí tó wúlò fún òbí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí ebi ń pa kò ní wo mọ́sálásí kankan. Ohun tí wọ́n ń pè ní mulukhiyya ní Íjíbítì, ewédú wa ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o, ewé kan náà ni. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi adìyẹ sè é, wọ́n á sì da aáyù tí wọ́n ti dín lé e lórí. Ìrẹsì tàbí búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú wa ní ilé oúnjẹ kékeré kan, ọmọ ọdún 9 yẹn fi ṣíbí bù ú sókè, ó rí bó ṣe ń yọ̀, ló bá pariwo pé, “Abí, ẹ wá wò ó, ewédú rèé! Àmàlà ni kò sí.” Láti ọjọ́ náà ni ara ti tù wọ́n nílùú yẹn. Ta‘miyya tí wọ́n ń dín láàárọ̀, àkàrà ni, ẹ̀wà ńláńlá kan tí wọ́n ń pè ní ful ni wọ́n sì fi ń ṣe é, pẹ̀lú ewé tútù tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ful yìí kan náà ni wọ́n ń sè lórí iná jẹ́jẹ́ mọ́jú, tí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fi búrẹ́dì jẹ láàárọ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ náà ń jẹ́ ‘aish, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ìgbésí ayé.” Koshari ni oúnjẹ òpópónà tí ọmọdé kì í kọ̀: ìrẹsì, makaróní, oríṣi ẹ̀wà wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ tòmátò, àti àlùbọ́sà díndín lórí gbogbo rẹ̀. Kò wọ́n. Ata wọn kò tó tiwa rárá, kí àgbàlagbà tó bá ń lọ di ata gbígbẹ díẹ̀ sínú ẹrù.

Ohun kejì tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún àwọn ọmọ ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ọjà, sára mọ́tò àti sẹ́nu ọ̀nà ilé ni èyí tó wà ní ìparí āyah kọ̀ọ̀kan nínú Al-Kùránì tí wọ́n ń kà nílé-kéwú. Àbíkẹ́yìn wa tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa ló di akàwé owó fún wa lọ́jà. Ẹ kàn kìlọ̀ fún wọn pé òdo tiwọn jẹ́ àmì kínkín lásán, márùn-ún wọn ló rí roboto bí òdo tiwa. Owó lè ṣì yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ní ti èdè, Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní ìgboro Káírò yàtọ̀ sí ti inú tírà. “Jíìmù” di “gíìmù” lẹ́nu wọn, wọ́n sì máa ń gbé “qāf” mì. Ràkúnmí tí à ń pè ní jamal di gamal, qahwa di ahwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ Lárúbáwá ti tírà, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Àkọ́bí wa bá ọlọ́sàn kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo i‘rābu tí àáfà rẹ̀ kọ́ ọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá gbọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn, ó sì fi ọsàn méjì lé tiwa. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ń fi “ọmọ kéwú” ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun máa ra nǹkan.

Nípa rírìn káàkiri, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wọn dára fún ìdílé. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ààyè tó jẹ́ ti obìnrin nìkan wà láàárín ọkọ̀ náà. Ìyá àwọn ọmọ kó àwọn obìnrin wọlé síbẹ̀, àwa àti ọmọkùnrin lọ síbòmíràn. Ẹ fẹnu kò lórí ibùdókọ̀ tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó yà sọ́tọ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lè ṣe ségesège nísàlẹ̀. Títì ìgboro ló le: mọ́tò kì í fẹ́ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà ará ìlú tó fẹ́ kọjá, kí ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ di ọmọ mú gírígírí. Jímọ̀ àti Sátidé ni ìsinmi wọn. Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Àwọn ará Káírò kì í tètè sùn. Aago 11 òru lẹ ó máa rí ọmọdé níta. Àwọn ọmọ wa kò lè bá wọn ṣe ìyẹn, kí wọ́n tún jí fún Àsùbá. Ètò tó bá wa lára mu ni ká jáde ní aago 8 òwúrọ̀, ká padà wálé kírun Àìlà, ká sùn, ká tún jáde lẹ́yìn Alaasari. Ibi ìtàn kan lójúmọ́ tó. Bàbá tó bá fẹ́ wo ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan, kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sílé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní mazhab Imaamu Maaliki tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, ẹni tó ti gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko lójú kan kò ní dín ìrun kù mọ́. Odindi ni a kí ìrun wa níbẹ̀.

Ó wá ku àwọn ibi ìtàn. Mọ́sálásí Amr bin al-‘Ās ni a kọ́kọ́ lọ, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Mar Girgis. Sahabe Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yìí ló kọ́ ọ ní ọdún 21 Hijira, èyí tó bọ́ sí ọdún 641 sí 642, lẹ́yìn tí ó kó ọmọ ogun wọ Misra lábẹ́ Sayyidinā ‘Umar. Wọ́n kà á sí mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹ má sọ fún ọmọ pé ohun tó ń wò ni sahabe fọwọ́ kọ́ o. Wọ́n ti tún un kọ́ léraléra, igi ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe òpó àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àwọn Kíbítì kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ ọdún 9 béèrè pé kí ló dé tí àwọn Mùsùlùmí kò wó wọn. A sọ fún un pé àdéhùn ni wọ́n bá ara wọn ṣe, àdéhùn sì ni Mùsùlùmí ń mú ṣẹ. Nínú ẹbí tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Mùsùlùmí tí àbúrò jẹ́ Kristẹni bíi tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè yẹn nìkan tó owó ọkọ̀.

Mọ́sálásí Ibn Tulun, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 876 sí 879, ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fẹ̀. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, àgbàlá rẹ̀ tẹ́jú rẹrẹ, àtẹ̀gùn mínárá rẹ̀ sì ń yí po láti ìta dé òkè. Ẹ di ọwọ́ wọn mú bí ẹ bá ń gùn ún.

Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ kí gbogbo òbí dúró sí pẹ́ jù wà ní òpópónà al-Mu‘izz, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ilé kékeré kan dúró láàárín oríta náà, ilé tí Abdel Rahman Katkhuda kọ́ ní ọdún 1744. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sabīl, ibi tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti ń gba omi lọ́fẹ̀ẹ́ lójú fèrèsé. Òkè rẹ̀ jẹ́ kuttāb, ilé-kéwú àwọn ọmọdé. Irú ilé báyìí pọ̀ ní Káírò nígbà náà. Ràkúnmí ló máa ń ru omi wá láti odò Náílì, wọ́n á dà á sínú kànga tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilé. Ẹni tó kọ́ ilé á fi ṣọ́ọ̀bù tàbí ilẹ̀ ṣe waqf, ìyẹn ni pé kò ní tà á mọ́, kò ní pín in lógún, owó tó bá ń wọlé lórí rẹ̀ ni wọ́n á fi san owó àáfà, tí wọ́n á fi ra omi, tí wọ́n á sì fi bọ́ àwọn ọmọ òrukàn tó ń kéwú lókè.

Àwọn ọmọ wa wo fèrèsé òkè yẹn títí. Wọ́n mọ ilé-kéwú tiwọn, abẹ́ igi máńgòrò ni, wàláà àti ẹní. Ọmọ ọdún 5 béèrè pé, “Abí, ṣé wọ́n ń na àwọn náà?” Ìyá wọn wò wá, a wo ìyá wọn. Àkọ́bí ní kí a sọ ẹni tó ń san owó Àlàrùbá níbẹ̀ fún òun. A ní kò sí owó Àlàrùbá, ṣọ́ọ̀bù ló ń san án. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìyẹn ni pé àáfà wọn kì í lé ọmọ padà sílé lọ́jọ́ Wẹ́sídeè.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára gan-an. Ní ìlú wa, alájì á kọ́ mọ́sálásí kẹta sí àdúgbò tí mọ́sálásí méjì kò kún. Ta ló ti fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àáfà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀?

Al-Azhar kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn ín. Ọdún 970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 972. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn Fatimid, tí wọ́n jẹ́ Shia, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Salahuddin gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní 1171, wọ́n dá ìrun Jímọ̀ dúró níbẹ̀, ó tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Sultan Baybars tó dá a padà ní 1266. Akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo ayé, títí kan ọmọ Yorùbá, ṣì ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti inú rẹ̀ jáde.

Ibẹ̀ ni a ti ṣàlàyé Jalālayn fún wọn. Tafsiri tí àwọn àáfà wa ń ṣí síwájú lóṣù Ààwẹ̀, Káírò yìí ni wọ́n ti kọ ọ́. Jalāluddīn al-Mahallī kọ apá kan, ó kú ní 1459 kí ó tó parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jalāluddīn as-Suyūtī, ló parí rẹ̀, kò sì ju ẹni nǹkan bí ọdún 22 lọ nígbà náà. Jalāl méjì, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Jalālayn. Khalīl tó kọ Mukhtasar tí a fi ń kọ́ fiqhu, ará Káírò ni òun náà. Àwa náà kò sì jẹ́ àlejò níbẹ̀. Takrūr ni àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ń pe àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àdúgbò kan ṣì wà ní Gíza tó ń jẹ́ Bulaq al-Dakrur, orúkọ wòlíì Takrūr kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Mansa Musa, ọba Mali, gba Káírò kọjá ní 1324 nígbà tó ń lọ sí Hájì, wúrà tó ná sì pọ̀ débi pé iye wúrà já wálẹ̀ lọ́jà.

Bí ẹ bá lọ sí ibojì Imaamu Shāfi‘ī, tó kú ní 820, àwọn ọmọ lè rí ẹni tó ń fọwọ́ pa irin, tó ń sunkún. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé à ń tọrọ fún òkú ni, a kì í tọrọ lọ́wọ́ òkú.

Ní ti pírámíìdì Gíza, àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ibi òrìṣà ni. Al-Kùránì ní ká rin ilẹ̀ ká wo àtubọ̀tán àwọn tó ṣáájú, ẹ lọ. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ga tó mítà 138 báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó mítà 230. Ẹ ní kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ kan, ó máa yé e ju ìwé lọ. Ẹ má wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré, ó há, ó sì gbóná. Ẹ dúnàádúrà dé òpin kí ẹ tó gun ràkúnmí, títí kan iye tí ẹ ó san kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òkú àwọn ọba àtijọ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Fustat. Wọ́n kó 22 wá síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Àwọn ọmọ á béèrè èwo ni Firiaona Ànábì Músà. Al-Kùránì sọ pé Ọlọ́hun gba ara rẹ̀ là kó lè jẹ́ àmì, kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ inú ilé tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ má fi ìka tọ́ka sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. A fi àbíkẹ́yìn sílẹ̀ níta pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nítorí òkú kì í ṣe ìran fún ọmọ ọdún 5.

Tíkẹ́ẹ̀tì àlejò wọ́n ju ti ọmọ onílùú lọ, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú káàdì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání ń rí ẹ̀dínwó ní ọ̀pọ̀ ibi. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ojú ọjọ́ tutù, ẹ mú ẹ̀wù òtútù fún òwúrọ̀. Ẹ fi ìwé rírà sí ọjọ́ ìkẹyìn: ẹ̀yìn Al-Azhar, ní Darb al-Atrak, ni àwọn ọlọ́jà tírà wà. Jalālayn ni àkọ́bí rà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí ẹrù ìyá rẹ̀ ti kún fún mulukhiyya gbígbẹ.