Apá Kẹta Tí A Kì Í Kà: Bí Fágúnwà Ṣe Parí Ìrìn-àjò Àwọn Ọdẹ

Bí ẹ bá dúró sábẹ́ afárá Ọbáléndé nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé, "CMS! CMS! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọ̀pọ̀ wa ti wọ ọkọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, láì ronú pé orúkọ ìjọ ajíhìnrere kan ni wọ́n ń pè. Ìjọ yẹn náà ló tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde l'Ékòó ní 1938.

Gbogbo wa la mọ ìwé náà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé apá kìíní ni. Nígbà tí Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé apá kejì Ògbójú Ọdẹ ni. Nígbà tí Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje dé ní 1954, wọ́n pè é ní apá kẹta. Ọdún 16 ni òǹkàwé fi tẹ̀ lé ìtàn kan ṣoṣo. Ìwé méjì mìíràn tí Fágúnwà kọ, Ìrèké Oníbùdó àti Àdììtú Olódùmarè, dá dúró ní tiwọn.

Báwo ni apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so mọ́ra? Nínú apá kìíní, Àkàrà-ògùn ló wá bá òǹkọ̀wé pé kí ó mú gègé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti nìkan lọ sínú igbó, ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, òun àti àwọn akọni bíi Kàkó, Ìmọ̀dóye àti Olóhùn-iyọ̀. Apá kejì kò tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ló padà sí: ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tò ó bí ọjọ́ orí ṣe tò yóò bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ọmọ ni yóò gbádùn ìtàn bàbá.

Ní apá kẹta, ọdẹ mìíràn, Ìrìnkèrindò, ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wo orúkọ ibi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ: Òkè Ìrònú. Igbó tí wọ́n gbà kọjá náà lórúkọ. Egbèje ni igba lọ́nà méje, ìyẹn 1,400. Igbó ń pọ̀ sí i, ewu ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ tàbí wúrà. Ìrònú ni.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Fágúnwà ti parí ìtàn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbọn, oògùn àti ẹnu dídùn ni ọdẹ fi ń ṣẹ́gun. Ní ìparí, òkè tí ọdẹ ń gùn ti di orí ara rẹ̀. Fágúnwà lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé lẹ́yìn 1954, ó tilẹ̀ kọ Àdììtú Olódùmarè ní 1961, ṣùgbọ́n kò kọ apá kẹrin kí ó tó kú ní 1963.

Kí ló dé tí a kì í fi ka apá yìí? Apá kìíní ló gba gbogbo iyì. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí fa eré Langbodo yọ nínú rẹ̀, òun sì ni Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní 1977. Apá kẹta ní láti dúró di 1994 kí Dàpọ̀ Adéníyì tó túmọ̀ rẹ̀, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn tó jáde. Nínú kíláàsì náà, apá kìíní la máa ń gbé wá sórí tábìlì. Ẹni tó bá sì ka ìyẹn nìkan yóò rò pé ìtàn iwin àti ẹbọra lásán ni Fágúnwà mọ̀ ọ́n sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kọ́míìkì. Láti 2021 ni Roye Okupe àti ayàwòrán Godwin Akpan ti ń gbé Iyanu jáde, ìtàn ọmọbìnrin alágbára kan nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ó sì ti di eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Mo mọ àwọn tó ń ka ọjọ́ de apá tó ń bọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n apá ìkẹyìn kan ti wà nílẹ̀ láti 1954, tí a kò tíì ṣí.

Àwọn àgbà ní ọba ló lé àwọn kan dé ibẹ̀ tí a fi ń pè é ní Ọbáléndé. Ọba náà ló rán Àkàrà-ògùn lọ sí Láńgbòdó. Òkè Ìrònú ní tiwa, kò dìgbà tí ẹnìkan bá lé wa kí a tó lọ. Ẹ wọkọ̀ CMS, ẹ béèrè apá kẹta lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i; ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, kò sẹ́ni tí yóò tún un tẹ̀.