Ṣé O Mọ̀ Pé Ìwé Ìpè Ló Bí Ife Àgbáyé Àwọn Obìnrin?

Ṣé o mọ̀ pé nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ikọ̀ àgbábọ́ọ̀lù obìnrin láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà pàdé ní Oníkan, l'Ékòó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bá ẹnì kan figagbága kó tó débẹ̀? Wọ́n ké sí wọn ni. Nàìjíríà gbàlejò Gúúsù Áfíríkà, Gánà, Kamẹrúùnù, Mali àti Mòrókò. Orúkọ Aisha Buhari, ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà, ni wọ́n fi sọ ife ọ̀hún.

Ṣé o mọ̀ pé àlejò ló gbé ife náà lọ? Lọ́jọ́ 21 oṣù yẹn, Gúúsù Áfíríkà na Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, ní 4 sí 2 lójú gbogbo èrò. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí àṣekágbá Ife Áfíríkà àwọn obìnrin kù sí ọwọ́ ikọ̀ méjì ní Rabat, ní Mòrókò, Gúúsù Áfíríkà àti Mòrókò ni, àwọn méjèèjì sì ti jọ wà l'Óníkan. Hildah Magaia gbá góòlù méjì, Gúúsù Áfíríkà borí ní 2 sí 1, wọ́n sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Desiree Ellis, tó kó wọn wá s'Ékòó náà ló kó wọn lọ síbẹ̀. Mi ò ní sọ pé Oníkan nìkan ló sọ wọ́n di akíkanjú. Àmọ́ nínú ìdíje ìkésíni, akọ́nimọ̀ọ́gbá láyè láti dán ọmọ tuntun wò, kó sì rí ibi tí ẹ̀yìn ti ń jò kí ìjà gidi tó dé.

Ife Àgbáyé àwọn obìnrin gan-an ńkọ́? Lọ́dún 1986, Ellen Wille, obìnrin ará Norway, dìde níbi ìpàdé àpapọ̀ FIFA ní Mexico, ó ní kí wọ́n fún àwọn obìnrin ní Ife Àgbáyé tiwọn. Kí FIFA tó gbà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èrò yóò wá wò ó. Ní 1988 wọ́n pe ikọ̀ 12 jọ sí Guangdong ní Ṣáínà. Côte d'Ivoire nìkan ló ti Áfíríkà lọ. Norway ló na Sweden ní 1 sí 0 láti gba ife. Èrò wá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Guangdong yẹn kan náà, wọ́n gbá Ife Àgbáyé àkọ́kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n fi gbá eré kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, bí ẹni pé obìnrin ò lè gbá 90? Wọn ò tilẹ̀ pè é ní Ife Àgbáyé nígbà náà; orúkọ súìtì M&M's ni wọ́n so mọ́ ọn. Super Falcons lọ, Jámánì nà wọ́n ní 4 sí 0, Ítálì ní 1 sí 0, Chinese Taipei ní 2 sí 0. Wọn ò gbá góòlù kan wọlé. Síbẹ̀, láti ìgbà náà títí di 2023, kò sí Ife Àgbáyé kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọn ò lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1971, kí FIFA tó bójú wẹ̀yìn, nǹkan bí èèyàn 110,000 ti kún pápá Azteca ní Mexico láti wo àwọn obìnrin? Denmark na Mexico ní 3 sí 0. Susanne Augustesen, ọmọ ọdún 15, ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ ọdún 15! Ẹni tó bá gba Fìdítì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ á ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀ létí títì: ọkọ̀ ò tíì dúró tán, ọmọbìnrin ti ń sáré bọ̀, àwo ọsàn lórí, ọwọ́ kan di àwo mú, ṣéńjì wà ní ọwọ́ kejì, ó yà fún ọ̀kadà, ó yà fún kòtò, ọsàn kan ò já bọ́. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá létí pápá. Múṣín ni Rasheedat Ajibade, agbábọ́ọ̀lù Super Falcons, ti dàgbà. Ìkòròdú ni Asisat Oshoala tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù fún Super Falcons ti wá, ó sì ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Ní oṣù Keje 2025, nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà, Mòrókò ti fi góòlù 2 ṣáájú Nàìjíríà kí ìdajì eré tó pé, ní Rabat wọn. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi mú un dọ́gba, Jennifer Echegini sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 88. Ife Áfíríkà kẹwàá wa nìyẹn, Ajibade sì ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà.

Pápá Lekan Salami wà ní Adámásingbà, n'Íbàdàn. Orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ò jìnnà. Mo ń fẹ́ kí ìjọba Ọ̀yọ́ ké sí ikọ̀ obìnrin wọn wá figagbága níbẹ̀, kí wọ́n sì fi mọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé Fìdítì àti Ìlọrà, kí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ lè wá wo bí wọ́n ṣe ń gbá a.