Ọdún 1955 àti Àwọn Ọmọ Ọwọ́ Rẹ̀



Àwọn ènìyàn a máa bi mí léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé: “Ààfáà, níbo ni ọgbọ́n ayé òde òní ti wá?” Èmi a ní kí wọ́n wo ọdún kan péré, ọdún 1955.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún náà ni a bí Steve Jobs ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Síríà ni Abdulfattah Jandali, bàbá tó bí i. Òun àti ìyá ọmọ náà kò tíì fẹ́ ara wọn, ni wọ́n bá gbé ọmọ fún Paul Jobs àti aya rẹ̀ láti tọ́. Paul kò ka ìwé girama tán, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe. Síbẹ̀ ó ṣe ìlérí pé ọmọ yìí yóò dé yunifásítì, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ní oṣù kẹfà a bí Tim Berners-Lee ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹwàá a bí Bill Gates ní Seattle.

Gates àti Paul Allen dá Microsoft sílẹ̀ ní 1975. Jobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Apple sílẹ̀ ní 1976. Berners-Lee gbé ètò wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ ní 1989. Oníṣòwò tó ń fi fóònù wo ọjà òkèèrè, oore wọn ló ń jẹ.

Ní 1955 kan náà ni Louis Essen àti Jack Parry ṣe aago átọ́ọ̀mù ní Teddington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú aago bẹ́ẹ̀ ló wà nínú sátẹ́láìtì tó ń fi ọ̀nà han awakọ̀. Òjìji ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé kéwú láti mọ àsìkò Àlàásárì. Lónìí, fóònù ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ yè, kí ó sì kàwé, kí ó tó lè tún ayé ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1955, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí Dókítà Jonas Salk ṣe ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́, èyí tí ilé iṣẹ́ kan ṣe kò dára, ènìyàn 10 sì kú. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń bá a lọ. Wọn kò pa á tì. Nígbà tí ẹ̀rù mú kí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003, àrùn náà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 ni a tó kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tó jẹ́ àbáláyé.

Ní oṣù kìíní 1955 yẹn náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ìyá ọlọ́jà, kò sí ẹni tó mọ ohun tí àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyẹn yóò dà ní ọjọ́ tí a sọ wọ́n lórúkọ. Má jẹ́ kí ọjà dí ọ lọ́wọ́ àjẹsára ọmọ rẹ. Má mú un kúrò ní ilé ìwé kí ó lè kiri. Èrè ọjà ọ̀sẹ̀ kan kò tó ẹni tí o pọ̀n sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.