Bí irúgbìn ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ọkùnrin

Ní Adakplamè níhìn-ín, bí ọmọ kò bá tètè dé, ìyàwó ni gbogbo ènìyàn ń wò. Wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kiri. Ọkọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tí ń bi í léèrè, torí pé ara rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀, agbára ọkùnrin lọ́tọ̀, irúgbìn ọmọ lọ́tọ̀.

Níbo ni irúgbìn yìí ti ń wá? Nínú kóró ẹpọ̀n ni. Ẹni tó bá ti tẹ òbúkọ lọ́dàá rí mọ̀ ọ́n. Okùn tín-ín-tín-ín tó ní ihò nínú ló ká jọ síbẹ̀ bí ìfun. Ara okùn yìí ni irúgbìn ti ń pín, tó ń dàgbà, títí yóò fi ní orí àti ìrù. Ti eku ń gba bí ọjọ́ 35. Ti ènìyàn ju oṣù méjì lọ. Ibi tó tutù díẹ̀ ju inú ara lọ ló ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹpọ̀n fi wà níta.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? A kò lè máa la ènìyàn wò. Ẹran ni àwọn onímọ̀ ń lò, pàápàá eku funfun. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹpọ̀n ọ̀yà, ọ̀yà tí a ń jẹ yìí náà, ni àwọn dókítà ẹran yẹ̀ wò.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ge ẹpọ̀n ọmọ ewúrẹ́ àti ti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n fi í sábẹ́ awọ eku tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, irú eku tí ara rẹ̀ kì í kọ ohun àjèjì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, irúgbìn òbúkọ wà lábẹ́ awọ eku! Ti òbúkọ o, kì í ṣe ti eku.

Ní 2011, ní Yokohama ní Japan, Takehiko Ogawa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ègé ẹpọ̀n ọmọ eku sórí ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ, nínú àwo. Irúgbìn dàgbà níbẹ̀. Wọ́n fi í bí ọmọ eku, àwọn ọmọ náà sì tún bímọ. Ti ènìyàn kò tíì dé ibẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí ló ń fi ohun tó ń ba irúgbìn jẹ́ hàn. Ooru wà lára rẹ̀. Ibà líle lè ba èyí tó ń dàgbà lọ́wọ́ jẹ́. Bí wọ́n bá yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò lẹ́yìn ibà, tí wọ́n ní kò dára, kó tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí ọdún kan bá kọjá tí oyún kò dúró, kí tọkọtaya jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò ọkùnrin kò ní abẹ́rẹ́ nínú. Ike kékeré ni wọ́n á fún un, kó da àtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kó má ti bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó má sì ju ọjọ́ méje lọ.